Gìtá Tí A Fi Wàláà Ṣe

Agboolé Agbẹ́gi,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
8 Máàṣì, 1954.

Mọ̀núrù ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Àwa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Gbogbo agboolé ń kí ọ, àyàfi àwọn tí o kò kọ̀wé sí, tí wọ́n ní kí n má bá wọn kí ọ.

Lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn kò ju ojú ewé kan lọ, òjò ni o sì fi ìdajì rẹ̀ ròyìn. N kò rán ọ lọ wo òjò. Sọ fún mi bí ẹ̀kọ́ òfin ṣe ń lọ àti ohun tí ò ń jẹ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú ni ìsọ̀ rẹ̀ ti wà ní pípadé. Mo ti ṣí i. O mọ̀ pé ogún ọdún ni mo fi bá a pa àga àti àpótí ní pọ́líìṣì, ọwọ́ mi mọ igi. Ṣùgbọ́n n kò ṣe àga. Gìtá ni mo ń ṣe.

Má tíì rẹ́rìn-ín. Àwọn gìtá tó ń ti ìlú òyìnbó wá kì í pẹ́ kí wọ́n tó là ní Èkó. Ọ̀yẹ́ á gbẹ wọ́n, òjò á wú wọ́n, àtè wọn á sì tú. Bàbá rẹ máa ń lẹ̀ wọ́n fún àwọn tó ń fi gìtá kọrin káàkiri àdúgbò, èmi ni mo sì máa ń bá a dì wọ́n mú títí àtè yóò fi gbẹ. Mo wá rò ó pé dípò kí n máa tún ti ẹlòmíràn ṣe, kí n ṣe èyí tó jẹ́ ti ibí.

Tèmi kò ní ihò láàárín àyà. Èjìká rẹ̀ ni mo gbẹ́ ihò sí, níbi tó kọjú sí àgbọ̀n ẹni tó ń ta á, kí onítọ̀hún lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láàárín èrò. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe pátákó, igbá ni. Ọrùn rẹ̀ la inú igbá já, ó yọ sí ìdí, ibẹ̀ ni mo so wáyà mọ́, kí agbára wáyà má baà wà lórí àyà nìkan. Nítorí èyí ni mo ṣe lè fá àyà rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju ti òyìnbó lọ. Bí ó bá ṣe fẹ́lẹ́ tó ni ohùn rẹ̀ ń tóbi tó.

Bàbá Kékeré wá wò ó. O mọ àbúrò bàbá rẹ, kò lè wo nǹkan kó má sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, kí nìyí?" Mo ní gìtá ni. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ta ló lù ú báyìí?"

Jọ̀ọ́, fi wáyà gìtá ránṣẹ́ sí mi, èyí tó jẹ́ irin. Èyí tí wọ́n ń tà níbí kò dọ́gba.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àmúdàtù.


Lọ́ńdọ̀nù,
2 Épírì, 1954.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ibi tí ilẹ̀ ti tutù ju ohun tí ènìyàn lè dọ̀bálẹ̀ lé lórí lọ. Ara mi le. Ẹ̀kọ́ ń lọ, ìdánwò kan sì ń bọ̀ ní oṣù kẹfà. Ẹ̀wà inú agolo àti búrẹ́dì ni mo ń jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi gaàrí Ìjẹ̀bú ránṣẹ́, kí ẹ dì í sínú agolo kí omi má baà wọ̀ ọ́ bíi ti ìjọsí.

Mo ti fi wáyà náà ránṣẹ́. Nítorí pé ẹ ní kí n rà á ni mo ṣe rà á, kì í ṣe pé inú mi dùn sí i. Àwọn ọmọ Èkó tí a jọ ń kírun ní ọjọ́ Jímọ̀ níbí ti gbọ́. Síkírù, ọmọ Òkè Pópó, bi mí níwájú gbogbo wọn pé, "Lọ́yà, ṣé lóòótọ́ ni ìyá ẹ ń ṣe nǹkan iṣẹ́ fáwọn ọ̀mùtí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí pé mo rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ló ń ṣe wàláà fún ilé kéwú tó pọ̀ jù lọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Pátákó tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ Kùránì ni orúkọ ìsọ̀ yẹn dúró lé. Ṣé ibẹ̀ náà ni gìtá yóò ti máa jáde? Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ju ìyá ẹnikẹ́ni lọ ní agboolé, ẹ rò ó wò. Bí ọwọ́ yín kò bá lè dúró, ẹ pa àga ní pọ́líìṣì. Bí ẹ bá sì gbọdọ̀ ṣe gìtá, ẹ ṣe é bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é. Ẹni tó fá igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó sì fi irin fà á, pàkúté ló ń dẹ.

Ọmọ yín,
Mọ̀núrù.


Ìsàlẹ̀ Èkó,
14 Júùnù, 1954.

Mọ̀núrù,

A kú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ọlọ́hun yóò gba ààwẹ̀ wa. Mo ti kó gaàrí rẹ fún ọmọ ọkọ̀ ojú omi kan, agolo ni mo dì í sí. Wáyà dé, ó dára.

N óò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Gìtá kejì bẹ́. Túnjí ló ń ta á lọ́wọ́, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì kan tó ń gbé nítòsí Apọ́ngbọ̀n. Wọ́n pè é síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òkè Àrìn, ibẹ̀ ni àyà gìtá náà ti bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ègé igi sì wọ̀ ọ́ ní àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n rán an ní ọsibítù. Mo lọ wò ó, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bẹ̀ mí. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó bẹ́? Àwọn tó ń kọjá lọ ní títì yà wọlé!"

Mo ní, "Ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

"Ọwọ́ á jinná. Ẹ ti máa ṣe òmíràn."

"Ìyá rẹ ní òun kò fẹ́ rí mi níbí mọ́."

"Ìyá mi kì í ta gìtá, mà."

Èyí kò dá mi láre. Èmi ni mo ṣe é, èmi ni mo jẹ̀bi, mo sì mọ ibi tí mo ti ṣìnà. Pátákó àpótí ọjà ni mo lò, omi ṣì kù nínú rẹ̀. Igi tí a ó fá tó báyẹn gbọdọ̀ ti gbẹ dé mùdùnmúdùn. Mo wá irú rẹ̀ lọ dé Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pátákó, wọn kò ní i. Inú yàrá mi ni mo ti rí i. Wàláà ńlá tí bàbá rẹ ṣe fún wòlímọ̀ rẹ ni, nígbà tí o ka Kùránì parí.

Láti ara ilẹ̀kùn àtijọ́ ni bàbá rẹ ti gé e, igi náà ti gbẹ kí wọ́n tó bí ọ. Mo lè fi ayùn là á sí méjì bí ẹni là búrẹ́dì, kí n lẹ̀ méjèèjì mọ́ra, yóò sì tó àyà gìtá kan. Kò sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun lórí rẹ̀ mọ́. Èmi fúnra mi ni mo fọ ìkọ̀wé tàdáà kúrò lára rẹ̀ kẹ́yìn, ìwọ ni o mu omi rẹ̀ fún ìbùkún. Ṣùgbọ́n tìrẹ ni, nítorí náà mo ń béèrè. Ṣé kí n lò ó? Tètè dá mi lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àmúdàtù.


Ìsàlẹ̀ Èkó,
27 Sẹ̀tẹ́ńbà, 1954.

Mọ̀núrù,

Ìtúnu lọ, Iléyá dé, Iléyá náà lọ. Ọmọ ọkọ̀ yẹn ti padà wá, ó ní o gba gaàrí, o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ìyẹn ni pé ọwọ́ rẹ ṣì ń gba nǹkan. Lẹ́tà ni kò lè kọ.

Mo dúró dè ọ́. Orí tábìlì ni wàláà náà wà, lójoojúmọ́ ni mo ń nù ún, lójoojúmọ́ ni Túnjí sì ń yọjú pé, "Ìyá, Lọ́ńdọ̀nù ti fèsì?" Lẹ́yìn Iléyá mo pinnu. O ti bá wa jókòó níbi yìgì rí. Bí wọ́n bá bi ọmọbìnrin léèrè pé ṣé ó gbà, tí ó dákẹ́, kí ni àwọn ààfáà máa ń wí? Wọ́n á ní ó ti gbà. Mo bi ọ́, o dákẹ́. Mo ti gé e.

Jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ fún ọ. Nígbà tí mo là á, n kò rí ìkọ̀wé kankan nínú rẹ̀, àwọ̀ tàdáà nìkan ló wọ ara igi náà, ó dà bí omi tíì. Mo fi ìka kàn án, ó dún. Mo fá a títí mo fi rí òjìji ọwọ́ mi láti ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí mo gbé e sójú oòrùn. Ẹ̀rù bà mí. Mo tún fá a díẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ so wáyà, Túnjí fi aṣọ we ọwọ́ méjèèjì, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń lọ́ wáyà, ó ń ka Sáàmù. Bàbá Kékeré sá sí ẹ̀yìn ògiri, ó ń yọjú, ó ń pariwo pé, "Ṣé ó ti bẹ́? Ṣé ó ti bẹ́?" Kò bẹ́. Ohùn rẹ̀ gbẹ, ó mọ́, ó ń jáde láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lára gìtá kankan tó wọ ìsọ̀ bàbá rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àmúdàtù.


Lọ́ńdọ̀nù,
6 Ọkitóbà, 1954.

Ìyá mi,

Mo kí yín. N kò ní kí yín pẹ́, inú mi kò dùn.

Ẹ ní mo dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà yín ti oṣù kẹfà dé náà ni ti Bàbá Kékeré dé. Ó ní ọwọ́ ọmọ náà ti rọ, pé kò lè di ṣíbí mú mọ́, pé ẹbí rẹ̀ ti ń wá lọ́yà. Ẹ̀yin ní ègé igi wọ̀ ọ́. Ta ni kí n gbà gbọ́? Mo bínú, ẹ̀rù sì bà mí, n kò sì fẹ́ fi ìbínú kọ̀wé sí ìyá mi. Ìdákẹ́ mi nìyẹn. Kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Èmi kì í ṣe ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ so yìgì fún!

Ọjọ́ wòlímọ̀ mi ni bàbá mi gbé wàláà yẹn lé mi lọ́wọ́ níwájú mọ́ṣáláṣí. Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, òun nìkan ló ṣe fún mi. Ẹ ti là á bíi búrẹ́dì.

Ó wá tó àkókò kí n sọ̀rọ̀ bí àrólé. Ogún bàbá mi ni ìsọ̀ náà, èmi ló sì kàn. Mo ti kọ̀wé sí Bàbá Kékeré. Bí ẹ bá ṣèlérí níwájú agboolé pé ẹ kò ní ṣe gìtá mọ́, ọwọ́ yín ni ìsọ̀ yóò wà títí. Bí ẹ bá kọ̀, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Inú mi kò dùn láti kọ èyí. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí lẹ́tà kan dé lọ́jọ́ kan pé ọ̀kan ti bẹ́, ó sì gé yín lọ́rùn.

Ọmọ yín,
Mọ̀núrù.


Ìsàlẹ̀ Èkó,
1 Nòfẹ́ńbà, 1954.

Mọ̀núrù,

Lẹ́tà rẹ dé. Èyí tí o kọ sí Bàbá Kékeré náà dé, ó sì kà á sókè ní àgbàlá níwájú gbogbo wa, pẹ̀lú awò ojú tuntun. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ka ibi tí o ti pè é ní olórí ẹbí.

Mo ní kí wọ́n pe Túnjí wá. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Kékeré, ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ọwọ́ mi ti rọ. Ẹ jẹ́ kí n bọ̀ yín lọ́wọ́, kí ẹ fi mọ̀." Ó di ọwọ́ Bàbá Kékeré mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Bàbá náà ń kígbe pé, "Ó tó! Mo ní ó tó! Àwọn èèyàn ló sọ fún mi!" Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bo ẹnu.

Ààfáà Lùkúmọ̀n tó kọ́ ọ ní kéwú wà níbẹ̀. Má rò pé ó gbè sẹ́yìn mi. Ó ní ìdákẹ́ ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ yìgì nìkan ló wà fún, kò kan ọ̀rọ̀ igi. Mo ní, "Ààfáà, òótọ́ lẹ sọ. Mo gé ohun tí kì í ṣe tèmi." Nítorí náà mo tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ rẹ, Mọ̀núrù. Lórí wàláà ni o. N kò tọrọ rẹ̀ lórí gìtá.

Bàbá Kékeré wá ní, "Ó dáa, ó ti parí. Ìyàwó wa, ẹ ṣèlérí, kí á túká."

Mo ní, "Ìlérí wo?"

"Pé ẹ ò ní ṣe gìtá mọ́. Kí ló tún kù?"

Gbogbo àgbàlá ń wo ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Bí mo bá sọ ọ́, mo lè wà ní ìsọ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yín. Mo dìde dúró. Mo ní, "N óò sọ ọ́ sókè, kí ẹnikẹ́ni má baà wí lẹ́yìn ọ̀la pé mo dákẹ́. N kò ṣèlérí." Mo fi kọ́kọ́rọ́ sórí ẹní níwájú rẹ̀.

Kò gbé e. Ó ní, "Ẹ dúró ná, ìjà kọ́." Mo ní ìjà kọ́ lóòótọ́. Mo kó irin iṣẹ́ tèmi, mo fi ti bàbá rẹ sílẹ̀ sáàyè rẹ̀. Wọn kò lé mi kúrò ní yàrá, èmi ni mo kó jáde. N kò lè máa gba iwájú ilẹ̀kùn tí mo fọwọ́ ara mi ṣí kọjá, kí n máa wò ó ní títì. Mo ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní Apọ́ngbọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Òjò ń fọ́n sí i. Mo ti fi páànù dí i.

O ní ẹ̀rù ń bà ọ́ nítorí mi. Láti oṣù kẹfà ni ẹ̀rù yẹn ti wà lọ́kàn rẹ, o kò sì sọ ọ́ fún mi. Bàbá Kékeré ni o kọ́kọ́ kọ̀wé sí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àmúdàtù.


Lọ́ńdọ̀nù,
26 Nòfẹ́ńbà, 1954.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì tíì dìde.

Bàbá Kékeré ti kọ̀wé. Ó jẹ́wọ́ pé kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ Túnjí, pé òun sọ ọ́ kó le kí n lè tètè dá sí i ni. Ó tún ní agboolé ti dákẹ́ jù, pé òun kò rí ẹni bá òun jiyàn mọ́. Èmi náà jẹ̀bi. Agbẹjọ́rò ni mo ń kọ́ láti dà, ẹ̀rí ẹnì kan ni mo sì fi dá ìyá mi lẹ́jọ́. Mo ti dárí wàláà jì yín. Ó ṣì ń dùn mí. Méjèèjì ni òótọ́.

Síkírù tún béèrè yín lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, gìtá ni ìyá mi ń ṣe." N kò rẹ́rìn-ín, òun náà kò sì rẹ́rìn-ín.

Mo ti ní kí Bàbá Kékeré dá kọ́kọ́rọ́ padà fún yín. Ẹ padà sílé, ẹ kúrò lábẹ́ páànù. Ẹ máa ṣe gìtá yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí àyà rẹ̀ nípọn díẹ̀, kí ẹ sì gbẹ́ ihò sí àárín bí ti gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni kò ní fara pa, àwọn ènìyàn yóò sì rà á. Bí ẹ bá gba èyí, n óò ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sí iwájú ìsọ̀, lábẹ́ ti bàbá mi.

Ọmọ yín,
Mọ̀núrù.


Apọ́ngbọ̀n, Èkó.
3 Jánúárì, 1955.

Mọ̀núrù ọkọ mi,

Dìde. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Mo ti dárí jì ọ́, inú mi sì dùn sí èsì tí o fún Síkírù. Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí o yege.

Bàbá Kékeré fẹsẹ̀ rìn wá síbí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ nínú àpò agbádá. Mo fún un ní àpótí jókòó, mo fún un lómi. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, n kò gbà á. Ó ní, "Ṣé ẹ ṣì ń bínú ni?" Mo ní n kò bínú. Ó ní, "Kí ni kí n wá fi ṣe, ìyàwó wa?" Mo ní kó ṣí ilẹ̀kùn, kó máa ṣe wàláà, ṣebí òun náà kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ti gbàgbé. Mo ní kí ó dán an wò ná. Ó jókòó títí, ó ń bá onítúnkẹ̀kẹ́ jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń lẹ táyà, kó tó lọ.

Gbọ́ ìdí tí n kò fi gbà á. Lẹ́tà rẹ ló gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ mi, lẹ́tà rẹ ló dá a padà, o sì ti so àdéhùn mọ́ ọn. Bí mo bá wọ ìsọ̀ yẹn, nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà ni ọwọ́ mi yóò máa gbọ̀n lórí igi. Iṣẹ́ tèmi kò gba kí ọwọ́ gbọ̀n.

Àdéhùn náà ńkọ́? N kò gbà á. Gìtá tó nípọn, tó ní ihò láàárín, wà ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó lọ síbẹ̀. Tèmi lè bẹ́, mo sì ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá yà síbí, kó tó fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ń dúpẹ́, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Àwọn kan ń jókòó, wọ́n ń béèrè aṣọ tí wọn yóò fi we ọwọ́.

Èyí tí mo ń ṣe lọ́wọ́ kò ní igbá lẹ́yìn rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ikùn ẹni tó ń ta á ni yóò di ẹ̀yìn rẹ̀. Túnjí ní bí òun bá yó ńkọ́, ṣé ohùn rẹ̀ kò ní yí padà? Mo ní kó kọ́kọ́ ta á nígbà tí ebi bá ń pa á, kó tún ta á nígbà tó bá yó, kí a sì mọ èyí tó dùn jù. Kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí tí mo lè bi léèrè.

Lọ́jọ́ tí o bá dé, má wọ agboolé wá mi. Apọ́ngbọ̀n ni kí o ti sọ̀ kalẹ̀. Má béèrè ìyàwó agbẹ́gi, má sì béèrè ìyá lọ́yà, wọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Béèrè Àmúdàtù onígìtá, wọ́n á mú ọ wá. Bí o bá bá mi lẹ́nu iṣẹ́, jókòó jẹ́ẹ́ títí n óò fi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Àmúdàtù,
tó tún jẹ́ ìyá rẹ.